Aró Tó Kú Lọ́nà

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí omi díẹ̀ kan, tí kò kún ṣíbí tíì, ti ń dà mí láàmú. Inú ìgò gíláàsì onígun mẹ́rin kan ni omi náà wà, nínú yàrá àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo níbí. Mo kán ásíìdì sí i, mo sì dúró kí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n kò yí padà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè ohun tí mò ń wọ̀n gan-an nígbà tí mo bá sọ pé omi ni mò ń wọ̀n.

Ọ̀sà Lẹ́kì, ní apá Ẹ̀pẹ́, ni a ti bu omi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò béèrè pé kí ni ará Òṣogbo ń wá lẹ́bàá òkun. Ìdáhùn mi kò gùn. Odò Ọ̀ṣun tí ó ń ṣàn kọjá lẹ́yìn ilé wa, ọ̀sà Lẹ́kì ni ó ń ṣàn wọ̀, láti ibẹ̀ ni omi rẹ̀ ti ń gba ọ̀sà Èkó jáde sínú òkun. Ohun tí a bá dà sínú odò náà níhìn-ín kò parẹ́, ìrìn ni ó ń rìn.

Ohun tí à ń wá nínú omi ọ̀hún ni àwọn ewéko tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní phytoplankton. Bí wọ́n ti kéré tó yẹn, àwọn ni wọ́n ń ṣe nǹkan bí ìdajì gbogbo iṣẹ́ tí ewéko ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe ní ayé, ohun tí ó sì jẹ́ kí wọ́n lè ṣe é ni chlorophyll, ohun tí ó ń fún ewé tútù ní àwọ̀ rẹ̀. Èmi a máa pè é ní aró. Òṣogbo ìlú aró ni wọ́n bí mi sí, ìyá tó bí ìyá mi sì fi èlú rẹ aṣọ títí tí èékánná rẹ̀ kò fi mọ́ mọ́ títí ó fi lọ, nítorí náà mi ò mọ orúkọ mìíràn tí ó yẹ ohun tí ń fún nǹkan ní àwọ̀ tí a sì lè fà jáde kúrò nínú ewé. A kò lè máa ka àwọn ewéko náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, aró inú wọn ni a ń fà jáde, tí a sì ń wọ̀n, kí a lè mọ bí wọ́n ti pọ̀ tó.

Bí a ṣe ń fà á jáde

A ó da omi tí a bù sórí asẹ́ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi òwú gíláàsì ṣe. Ihò asẹ́ náà kò ju 0.7 máíkírómítà lọ, ìyẹn ni pé bí a bá to irú ihò bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ju 1,400 lọ tí yóò wà nínú mílímítà kan ṣoṣo. Omi yóò kọjá, ewéko yóò dúró. Láàárín agbami òkun, níbi tí omi ti mọ́ kedere, ó lè gbà wá ní lítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí asẹ́ tó ní àwọ̀ rárá, ṣùgbọ́n ní ọ̀sà, pàápàá lẹ́yìn òjò, ife omi kan ti tó láti dí i pa. Ẹ̀rọ kékeré kan ni ó ń fa omi náà kọjá, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ti sábà máa ń kánjú. Tí wọ́n bá mú kí ẹ̀rọ fà á tagbáratagbára, awọ àwọn ewéko náà yóò bẹ́, aró wọn yóò sì bá omi lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mi ò tíì rí iṣẹ́ tí òwe yẹn bá mu tó èyí.

Lẹ́yìn náà ni a ó ká asẹ́ náà sí méjì, a ó fi fọ́ìlì wé e kí ìmọ́lẹ̀ má baà pa aró rẹ̀, a ó sì gbé e sínú kúlà tí yìnyín kún inú rẹ̀ títí a ó fi dé ibi tí fíríísà wà. Nígbà tí a bá fẹ́ kà á, acetone ni a ó rẹ ẹ́ sí, ohun olómi kan náà tí àwọn obìnrin fi ń pa kùtẹ́ẹ̀sì rẹ́ ní èékánná. Acetone ni yóò fa aró kúrò lára asẹ́. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, inú ìgò oníke ni mo dà á sí nítorí pé ti gíláàsì wọ́n, àfi bí ike náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lójú mi bí fèrèsé ọkọ̀ nígbà ọyẹ́, nítorí pé acetone ń jẹ ike bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ odindi ọjọ́ kan ni mo fi ka ike tó ń yọ́, tí mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi ni.

Ẹ̀rọ tí ó ń ka ìmọ́lẹ̀ ni ó kù. Chlorophyll a máa gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì ní ibi tí gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ ti jẹ́ nánómítà 664, nítorí náà bí ìmọ́lẹ̀ tí ó kọjá níbẹ̀ bá ti kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni aró ti pọ̀ tó. A tún ń kà á ní 750, níbi tí chlorophyll kì í ti í gbé nǹkan kan mì, kí a lè mọ èyí tí ó jẹ́ ìdọ̀tí lásán, kí a sì yọ ọ́ kúrò. Ìṣirò díẹ̀ ni yóò tẹ̀lé e, nọ́ńbà kan yóò sì jáde.

Ẹ̀kán méjì

Nọ́ńbà tiwa jáde ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Kò pọ̀ jù, kò kéré jù, ó jọ irú èyí tí ènìyàn ń retí ní ọ̀sà. Mo ti ń kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà lọ nígbà tí àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Lábù dúró lẹ́yìn mi. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

“Àbúrò, ṣé o ti kán ásíìdì sí i?”

“Rárá, sà. Nọ́ńbà rẹ̀ dára, sà.”

“Kán an sí i ká rí i.”

Kí n sọ òótọ́, inú bí mi díẹ̀. Mo mọ ohun tí ásíìdì wà fún. Láti ọdún 1967 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Lorenzen ti kọ ọ̀nà náà sílẹ̀: aró tí ó yè àti aró tí ó ti kú jọ ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa kan náà mì, ẹ̀rọ kò sì mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Bí ènìyàn bá kán ásíìdì díẹ̀ sí i, èyí tí ó yè yóò kú lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ yóò sì wálẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti kú tẹ́lẹ̀ kò ní ikú mìíràn láti kú. Bí gbogbo aró náà bá yè, tí a fi nọ́ńbà ẹ̀yìn pín ti ìṣáájú, 1.7 ni a ó rí. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti kú, 1 ni.

Mo kán ẹ̀kán méjì. Mo dúró fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ tí ìwé ní kí a dúró. Mo gbé ìgò náà sókè sí fèrèsé, mo sì ń wò ó: àwọ̀ ewé gbígbẹ ni ó ní kí n tó kán an, àwọ̀ ewé gbígbẹ náà ni ó ṣì ní. Mo dá a padà sínú ẹ̀rọ. Mo fi èyí pín tọ̀hún, 1.1 ni ó jáde. Mo mú ìgò kejì, bákan náà ni. Mo mú ìkẹta, kò yàtọ̀.

Bàbá Lábù kò sọ ohunkóhun. Wọ́n rìn lọ sí ìdí fíríísà, wọ́n sì ṣí i. Kí a tó lọ sí Ẹ̀pẹ́, a ti to àwọn yìnyín inú ọ̀rá sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo wo inú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọn kì í ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́. Wọ́n ti yọ́, wọ́n ti ya ọ̀rá, wọ́n ti ṣàn sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì tún ti dì padà ní pẹrẹsẹ bí mọ́ínmọ́ín tí ó gba ìrísí agolo rẹ̀, tí pépà kékeré kan tí mo fi ọwọ́ mi kọ “Ẹ̀pẹ́ 2” sí ara rẹ̀ sì há sáàárín yìnyín náà. Ọlọ́dẹ ni ó ṣàlàyé ìyókù fún wa. Wọ́n mú iná lọ ní alẹ́ Jimọ̀, kò sì dé títí di ọjọ́ Àìkú. Dísù jẹnẹrétọ̀ ti tán láti ọjọ́ Ẹtì náà, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní Ọjọ́ Ajé tí a wọlé, gbogbo nǹkan ti dì, gbogbo rẹ̀ sì jọ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ewédú

Ilé ìdáná Màámi ni ọ̀rọ̀ náà ti wá yé mi dáadáa, kì í ṣe inú ìwé. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, wọ́n gbé ewédú kaná, wọ́n ní kí n máa wò ó. Mo fẹ́ kí ó tètè jinná, mo bá fi ọmọrí dé e.

“Àkànní! Ta ló ní kí o dé e? Ṣé o fẹ́ kó ṣú ni?”

Wọ́n ṣí i kíá, wọ́n ju kán-ún bíńtín sí i, wọ́n sì gba ìjábẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ohun tí Màámi ń sá fún ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú fíríísà wa. Láàárín chlorophyll ni mágínísíọ̀mù jókòó sí, òun ni ó sì di àwọ̀ tútù náà mú. Ewé fúnra rẹ̀ ní ásíìdì nínú. Bí iná bá bá a, ásíìdì yẹn yóò jáde, bí a bá sì dé ìkòkò, kò ní ríbi gbà lọ, yóò lé mágínísíọ̀mù kúrò lórí àga rẹ̀, ewé yóò sì di àwọ̀ tí kò wuni í jẹ. Kán-ún ni ó ń pa agbára ásíìdì náà. Ní yàrá àyẹ̀wò, àwa náà máa ń wọ́n ìyẹ̀fun mágínísíọ̀mù kábọ́néètì sórí asẹ́ fún ìdí kan náà gẹ́lẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń wọ́n ọn, n kò sì fìgbà kan rí i pé kán-ún ewédú ni.

Ta ló pa á?

Bí ó bá jẹ́ pé àṣìṣe lásán ni aró tó kú jẹ́, ọ̀rọ̀ náà kì bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ìbá da gbogbo rẹ̀ nù, kí ó sì tún lọ bu omi. Ṣùgbọ́n aró tó kú wà nínú omi gidi pẹ̀lú, ó sì ní ohun tí ó ń sọ. Àwọn kòkòrò tíntìntín inú omi a máa jẹ ewéko wọ̀nyí, ásíìdì inú ikùn wọn a sì pa aró náà, nítorí náà bí aró tó kú bá pọ̀ níbì kan, ó lè jẹ́ pé àwọn ajẹko pọ̀ níbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ìgbì ti ru ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ sókè, tí ewé tó ti kú tipẹ́ sì bá a gòkè. Ó tún lè jẹ́ pé àwọn ewéko náà ti gbó ni. Ìròyìn gidi nípa omi ni gbogbo ìyẹn.

Èyí ni ó ń jẹ mí lọ́kàn. Nọ́ńbà 1.1 náà wà níwájú mi, ó sì lè jẹ́ ìtàn ọ̀sà, ó sì lè jẹ́ ìtàn dísù. Kò sí bí mo ṣe lè fi ọgbọ́n orí yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. A máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé inú omi ni nọ́ńbà ti ń jáde tààrà, a kì í ka àwọn ọwọ́ tí ó ti gbà kọjá: awakọ̀ ojú omi, kúlà, ọkọ̀ tí a wọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ sí Òṣogbo, fíríísà, ọlọ́dẹ.

Ọ̀nà tí ó tún jinlẹ̀ ju tiwa lọ wà. Ẹ̀rọ ńlá kan wà tí ó ń ya àwọn aró sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ènìyàn yóò sì lè mọ irú ewéko tí ó wà nínú omi láti ara wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń wo ilà ojú kí wọ́n tó béèrè orúkọ. Aró kan tí ń jẹ́ peridinin jẹ́ ilà àwọn dinoflagellate, irú ewéko tíntìntín kan tí àwọn kan nínú wọn ń sọ omi òkun di májèlé. Aró mìíràn, fucoxanthin, jẹ́ ti diatom, irú ewéko tíntìntín mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn náà ń kọ ọ́, bí àbàjà kò ṣe jẹ́ ti ìdílé kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ yẹn dára púpọ̀, mo sì ń jowú àwọn tí wọ́n ní i. Ṣùgbọ́n bí fíríísà bá ti yọ́, òkú ni òun náà yóò máa ka ilà ojú rẹ̀.

Ojú tó ń wò wá láti òkè

Àwọn ọ̀dọ́ ibi iṣẹ́ wa a máa sọ fún mi pé ṣebí sátẹ́láìtì wà, kí ni a tún ń fi ọkọ̀ ojú omi wá kiri? Òótọ́ ni pé ó wà, ó sì ti pẹ́. Láti ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà ti gbé èyí tí ó kọ́kọ́ ń wo àwọ̀ òkun sókè, wọ́n tún gbé SeaWiFS lọ ní 1997, èyí tí wọ́n ń pè ní PACE sì gòkè ní ọjọ́ 8 oṣù Èrèlé ọdún 2024. Iṣẹ́ wọn yani lẹ́nu. Chlorophyll a máa gbé ìmọ́lẹ̀ búlúù mì, kò sì fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan èyí tó ní àwọ̀ ewé, nítorí náà sátẹ́láìtì yóò fi ọ̀kan wé èkejì, yóò sì ti òkè ọ̀run sọ bí aró ti pọ̀ tó nínú agbami.

Agbami ni mo sọ, mi ò sọ ọ̀sà. Láàárín òkun, ewéko wọ̀nyí nìkan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń yí àwọ̀ omi padà. Létí ilẹ̀, ẹrẹ̀ wà, omi tí ewé jíjẹrà ti sọ di àwọ̀ tíì náà wà, irú omi bẹ́ẹ̀ sì ń gbé ìmọ́lẹ̀ búlúù mì bí chlorophyll ṣe ń ṣe. Sátẹ́láìtì lè wo ẹnu odò tí ó kún fún omi àgbàrá, kí ó sì sọ pé ewéko kún ibẹ̀ fọ́fọ́. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Àwọn tí wọ́n sì ṣe sátẹ́láìtì náà mọ èyí jù wá lọ, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé omi tí ènìyàn fi ọwọ́ bù, tí ó sẹ́, tí ó sì kà, ni wọ́n fi ń kọ́ ojú ọ̀run náà bí ó ṣe yẹ kí ó máa ríran. Bí àwọn tó ń bu omi bá ní fíríísà bíi tiwa, ẹ̀kọ́ wo ni ojú ọ̀run yóò kọ́?

Nọ́ńbà kékeré ti Ọ̀ṣun

N kò lè sọ̀rọ̀ omi ní Òṣogbo kí n má kan odò wa. Gbogbo wa ni a mọ bí ó ṣe pupa láti ọdún mélòó kan wá, a sì mọ ohun tí àwọn tó ń wa góòlù ń ṣe ní apá òkè odò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Mo so okùn mọ́ abọ́ funfun kan, mo sì sọ̀ ọ́ sínú odò náà, bí àlùfáà Angelo Secchi ṣe sọ àwo sínú òkun Mẹditaréníà ní ọdún 1865 láti mọ ibi tí ojú lè ríran dé. Abọ́ mi pòórá kí okùn tó rì tó ìwọ̀n ọwọ́ mi láti ọrùn ọwọ́ sí ìgúnpá.

Nígbà tí a wọn aró rẹ̀, nọ́ńbà kékeré ni ó jáde. Ẹnìkan tí ó rí i lórí tábìlì mi sọ pé, “Ó kéré o! Ó ti ń mọ́ nìyẹn.” N kò bínú sí i, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé ni pé bí aró bá pọ̀, ajílẹ̀ àti ìdọ̀tí ni ó bọ́ ọ. Láàárín agbami tí ó mọ́ jù, aró kì í tó mílígíráàmù 0.1 nínú mítà onígun mẹ́ta omi kan, kò sì sí ẹni tí yóò pe ibẹ̀ ní ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n kí ni ó pa aró Ọ̀ṣun lẹ́kún? Òkùnkùn ni. Ẹrẹ̀ ti dí oòrùn lójú, ewéko kò sì lè jẹun nínú òkùnkùn. Agbami àti odò wa lè ní nọ́ńbà tí ó fara jọra, kí ọ̀kan máa jẹ́ aṣálẹ̀ tí ó mọ́, kí èkejì sì jẹ́ ilé tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa. Láti ìgbà náà ni n kò ti gbà kí nọ́ńbà aró jáde kúrò lórí tábìlì mi láìsí ìwọ̀n abọ́ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ti ń pè mí ní alábọ́.

A tún padà lọ

Mo pe ẹni tí ó rán wa ní iṣẹ́ ọ̀sà náà, mo sì sọ fún un pé nọ́ńbà Ẹ̀pẹ́ kò ṣe é lò. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá béèrè pé, “Wákàtí mélòó ni iná fi lọ gan-an?” N kò mọ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí a padà lọ, a kò gbẹ́kẹ̀ lé fíríísà kankan. Lẹ́bàá omi níbẹ̀ ni mo ti sẹ́ omi, mo sì ju asẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú acetone tó wà nínú ìgò dúdú lójú ẹsẹ̀, mo fi fọ́ìlì wé e, mo gbé e sínú kúlà, mo sì kọ aago sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aró ń jáde lára asẹ́ bí ọkọ̀ wa ṣe ń bọ̀. Ibi mẹ́ta ni a ti bù ú: àárín ọ̀sà, ibi tí omi Ọ̀ṣun ti ń wọlé, àti igun kan tí ó pa rọ́rọ́, tí òjú oró bò tí ó sì ń jẹrà sí, tí òórùn rẹ̀ mú kí awakọ̀ ojú omi fi ọwọ́ bo imú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo kà wọ́n, Bàbá Lábù sì wà níjòókòó. Mo kán ẹ̀kán méjì sí ti àárín ọ̀sà, mo gbé e sí fèrèsé. Àwọ̀ tútù rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó sì di ti ewé gbígbẹ lójú mi, nọ́ńbà rẹ̀ sì já wálẹ̀ bí ó ṣe yẹ. Mi ò mọ̀ pé ikú nǹkan lè dùn mọ́ ènìyàn nínú tó bẹ́ẹ̀. Ti ẹnu Ọ̀ṣun náà já, bí kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ ní aró nínú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ku ti igun olójú oró. Mo kán ẹ̀kán méjì, mo dúró, mo kà á. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Mo bu òmíràn nínú ìgò kan náà, mo tún un ṣe, bákan náà ni.

Mo yíjú sí Bàbá Lábù. Wọ́n wo aago tí mo kọ sára fọ́ìlì, wọ́n wo kúlà, yìnyín inú rẹ̀ sì ṣì wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Ìyẹn ti kú kí ẹ tó débẹ̀,” ni wọ́n wí.

Mo mú bírò, mo sì kọ ọ́ sí iwájú nọ́ńbà náà: òkú, láti inú omi wá.